Fífi Ìwé Lọ Atẹ̀wétà àti Aṣojú Òǹkọ̀wé: Ìbéèrè Àwọn Òǹkọ̀wé Ifẹ̀ àti Iléṣà

A kọ èyí fún ẹni tó ti kọ ìwé, tàbí tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ní Ifẹ̀, Mọ̀dákẹ́kẹ́, Iléṣà àti agbègbè wọn, tó sì ń wá ilé-iṣẹ́ tí yóò fi owó ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ kò bá ní àyè láti ka gbogbo rẹ̀, ẹ mú èyí lọ: ẹ mọ ohun tí ilé-iṣẹ́ kan ń tẹ̀ kí ẹ tó kọ lẹ́tà sí i. Ìwé tó dáa ń padà wá lójoojúmọ́ nítorí pé ibi tí kò yẹ ni òǹkọ̀wé rẹ̀ gbé e lọ.

Kí ni ìyàtọ̀ láàárín atẹ̀wé, atẹ̀wétà àti aṣojú òǹkọ̀wé?

Ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ládùúgbò yín, tàbí ní Ṣómólú l'Ékòó níbi tí wọ́n pọ̀ sí, atẹ̀wé ni. Ẹ gbé fáìlì fún un, ẹ sanwó, ó tẹ iye ẹ̀dà tí ẹ fẹ́, ó parí. Kò kàn án bóyá ìwé náà tà tàbí kò tà.

Atẹ̀wétà ni ẹni tó ka iṣẹ́ yín, tó yàn án, tó fi owó ara rẹ̀ san olóòtú, ayàwòrán èèpo ẹ̀yìn àti atẹ̀wé, tó ń gbé e lọ sílé ìtàwé, tó sì ń san ìpín fún yín lórí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tó bá tà.

Aṣojú òǹkọ̀wé kì í tẹ nǹkan kan. Òun ló ń gbé iṣẹ́ yín lọ bá atẹ̀wétà, tó ń dúnàádúrà lórí owó, tó ń ka ìwé àdéhùn, tó sì ń yọ ìpín tirẹ̀ nínú owó tó bá wọlé fún yín. Ìdá 15 nínú 100 ló wọ́pọ̀, ìdá 20 fún èyí tí wọ́n bá tà sí ilẹ̀ òkèèrè. Bí owó kò bá wọlé, aṣojú gidi kò gba kọ́bọ̀.

Ṣé dandan ni kí n ní aṣojú?

Fún Nàìjíríà, rárá. Àwọn ilé-iṣẹ́ Ìbàdàn, Èkó àti Àbújá ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀, aṣojú tó fìdí kalẹ̀ sí ilẹ̀ wa kò sì pọ̀. Tó bá jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù tàbí New York ni ẹ ń wò, ọ̀rọ̀ yí padà, torí púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ibẹ̀ kì í ṣí iṣẹ́ tí kò bá gba ọwọ́ aṣojú wá.

Ọ̀nà méjèèjì kò tako ara wọn. Wọ́n lè ta ẹ̀tọ́ ìwé kan ṣoṣo fún ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ẹkùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìwé ìtàn àròsọ àkọ́kọ́ tí Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ, ẹni tó kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ níbí, jáde ní 2017 lọ́wọ́ Canongate ní Bìrìtéènì, lọ́wọ́ Knopf ní Amẹ́ríkà, àti lọ́wọ́ Ouida Books ní Nàìjíríà. Nítorí náà, tí ilé-iṣẹ́ kékeré kan bá gbé ìwé àdéhùn wá, tó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun gba ẹ̀tọ́ "gbogbo àgbáyé", ẹ bi í bó ṣe máa tà á ní Bìrìtéènì. Bí kò bá ní ọ̀nà, ẹ ní kó gba Nàìjíríà tàbí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìkan.

Báwo ni mo ṣe máa mọ ilé-iṣẹ́ tó yẹ ìwé mi?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nílé ìtàwé àti ilé ìkàwé, kì í ṣe lórí fóònù. Ẹ wá ìwé márùn-ún tó bá tiyín tan, tó jáde láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Ẹ ṣí ẹ̀yìn ojú-ìwé àkọlé, níbi tí orúkọ ilé-iṣẹ́, ìlú rẹ̀ àti ọdún wà. Lẹ́yìn náà ẹ ṣí ojú-ìwé ìdúpẹ́. Ibẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti máa ń dárúkọ olóòtú rẹ̀ àti aṣojú rẹ̀, orúkọ kan tí ẹ bá sì rí níbẹ̀ níye lórí ju ọgọ́rùn-ún tí ẹ bá kó jọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ, torí ẹ ti rí i dájú pé irú ìwé yín wu ẹni náà.

Jẹ́ríkò ní Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí wa, ni àdúgbò atẹ̀wétà látijọ́: University Press Plc, Evans Brothers àti HEBN wà níbẹ̀. Ìwé iléèwé ló ń bọ́ wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni Learn Africa l'Ékòó, tó ń jẹ́ Longman Nigeria tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìtàn ìfẹ́ àgbàlagbà lọ sí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń da ara rẹ̀ láàmú. Fún ìtàn àròsọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹ wo Cassava Republic tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àbújá ní 2006, àti àwọn ti Èkó bíi Kachifo tó ni Farafina, Parrésia, Ouida, Narrative Landscape àti Masobe. Bookcraft ní Ìbàdàn máa ń tẹ ìwé ìtàn ìlú, ìtàn ìgbésí ayé àti ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Iṣẹ́ ìwádìí ọ̀mọ̀wé ní ọ̀nà tirẹ̀, a ó dé ibẹ̀.

Púpọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ yìí máa ń ṣí ìlẹ̀kùn fún oṣù díẹ̀ kí wọ́n tún tì í. Ọ̀sẹ̀ tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ gan-an ni kí ẹ wo ìlànà wọn. Ìlànà ọdún tó kọjá tí ọ̀rẹ́ yín fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp lè ti di àná.

Ṣé wọ́n ṣì ń gba ìwé tí a fi Yorùbá kọ?

Wọ́n ń gbà á, ṣùgbọ́n ohun tí olóòtú máa kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: iléèwé wo ló máa lò ó? Ìwé Yorùbá tó bá wọ inú àṣàyàn fún WAEC tàbí NECO, tàbí tí ìjọba ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí, ń tà fún ọdún púpọ̀. Èyí tí kò bá wọ̀ ọ́, agbára káká ni ilé ìtàwé fi ń gbà á. Ó dùn wá pé ọjà ìwé Yorùbá rọ̀ mọ́ iléèwé tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọjà ṣe rí nìyẹn, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ni yóò kọ lẹ́tà tó bá a mu.

Ẹ sọ kíláàsì tí ìwé náà bá mu: JSS 1 sí 3, tàbí SSS 1 sí 3. Ìtàn àròsọ fún iléèwé girama sábà máa ń wà láàárín ojú-ìwé 100 sí 180 tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán. Ẹ fi ìbéèrè mẹ́rin tàbí márùn-ún sẹ́yìn orí kọ̀ọ̀kan nínú orí tí ẹ fi ránṣẹ́, kí olóòtú rí i pé ẹ mọ ohun tí olùkọ́ nílò, kí ẹ sì ṣe àlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tó ta kókó sẹ́yìn ìwé. Tó bá jẹ́ eré-oníṣe, ẹ ka iye ẹ̀dá ìtàn. Eré tó ní ẹ̀dá ìtàn ogójì àti ìran mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní ààfin, kò sí iléèwé tó lè ṣe é lórí pèpéle. Ewì ló ṣòro tà jù. Kó tó ogójì ewì ó kéré tán, kí díẹ̀ nínú wọn sì ti jáde níbòmíràn ṣáájú.

Bó bá jẹ́ ìwé àgbàlagbà lẹ kọ, ẹ má sọ ọ́ di ìwé iléèwé tipátipá. Ẹ wá ilé-iṣẹ́ kékeré tí èdè náà ń dùn mọ́, kí ẹ sì máa ṣọ́ ìdíje. Àtẹ́lẹwọ́, ẹgbẹ́ tó ń gbé lítíréṣọ̀ Yorùbá lárugẹ, ti ṣètò ìdíje fún òǹkọ̀wé Yorùbá.

Ṣé aṣojú ní Lọ́ńdọ̀nù lè gba ìwé Yorùbá? Kò lè kà á. Ẹ ó nílò ìtumọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, bí kò tilẹ̀ ju 10,000 ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lọ, pẹ̀lú ìsọníṣókí gbogbo ìwé. Ẹ fi ọwọ́ sí ìwé pẹ̀lú ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ lórí ìpín tirẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ló ń ba fáìlì Yorùbá jẹ́ kó tó dé ọwọ́ olóòtú?

Èyí ló ń pa iṣẹ́ jù lọ láàárín àwọn tó mọ èdè dáadáa, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé yẹra fún.

Àkọ́kọ́ ni fọ́ǹtì. Àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ kan wà tó jẹ́ pé lẹ́tà mìíràn ni wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ ẹ àti ọ. Lórí kọ̀ǹpútà yín ó mọ́ roro. Lórí tẹni tí kò ní fọ́ǹtì yẹn, ìdọ̀tí ló máa rí. Ẹ lo fọ́ǹtì Unicode, ìyẹn ìlànà kan náà tí gbogbo kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà: Noto Serif, Gentium tàbí Charis SIL, ọ̀fẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má sì fi ìlà fa abẹ́ e kí ẹ pè é ní ẹ. Ìlà yẹn máa pòórá tí wọ́n bá kó ọ̀rọ̀ náà lọ sínú ètò tí wọ́n fi ń to ìwé.

Ìkejì, lẹ́tà bíi ẹ́ àti ọ̀ kì í ṣe hóró kan ṣoṣo nínú Unicode. Ẹ ni hóró kìíní, àmì ohùn tó gun orí rẹ̀ ni ìkejì. Á àti è ní hóró kan tiwọn, ṣùgbọ́n wọ́n tún ṣeé tẹ̀ ní méjì. Tí ẹ bá fi kíbọ́ọ̀dù kan tẹ orí kìíní, tí ẹ fi òmíràn tẹ orí karùn-ún, ọ̀rọ̀ kan náà lè wà ní ọ̀nà méjì nínú fáìlì kan, ojú kò sì ní rí ìyàtọ̀. Ìgbà tí olóòtú bá fẹ́ wá orúkọ ẹ̀dá ìtàn láti tún un ṣe káàkiri ni yóò rí ìdajì, tí ìdajì yòókù á sá mọ́ ọn lójú. Kíbọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ni kí ẹ lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gboard lórí fóònù ní Yorùbá. YorubaName náà ní kíbọ́ọ̀dù ọ̀fẹ́ fún kọ̀ǹpútà.

Ìkẹta, ètò Word máa ń ṣe àtúnṣe tí ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́. Ẹ tẹ "sí i", ó sọ ọ́ di "sí I". Ẹ tẹ "rí i", ó di "rí I". Nínú ìwé 60,000 ọ̀rọ̀, irú rẹ̀ lè tó ọgọ́rùn-ún. Ẹ pa àtúnṣe aládàáṣe náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀; bí ẹ bá ti kọ ọ́ tán, ẹ wá I ńlá tó dá dúró káàkiri fáìlì.

Ìkẹrin ni àkọtọ́. Láti 1974 la ti ní àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí fún iléèwé. "Aiye", "enia", "nwọn", "yio" àti "ẹiyẹ" ti di ayé, ènìyàn, wọ́n, yóò àti ẹyẹ. "Nígbàtí" ti di "nígbà tí", "gẹ́gẹ́bí" ti di "gẹ́gẹ́ bí". Àwọn àgbà tó kàwé ṣáájú ìgbà náà ṣì ń kọ ti àtijọ́, kò sì sí àbùkù níbẹ̀, ṣùgbọ́n olóòtú ìwé iléèwé kò lè gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fún ẹnìkan tó kàwé Yorùbá ní yunifásítì tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ní lówó láti tún un kọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀dá ìtàn lè wà ní ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀ṣà tàbí Ifẹ̀, ó tilẹ̀ ń fún ìwé ní adùn, bí ẹ bá ti ń kọ ọ́ bákan náà jálẹ̀, tí ohùn asọ̀tàn fúnra rẹ̀ sì wà ní Yorùbá àjùmọ̀lò.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ẹ fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, kí ẹ ṣí i lórí fóònù ẹlòmíràn. Bí àpótí kéékèèké bá jáde dípò lẹ́tà, ohun tí olóòtú máa rí nìyẹn. Ẹ fi PDF pẹ̀lú fáìlì Word, kó lè rí bó ṣe yẹ kó rí.

Kí ni mo máa fi ránṣẹ́?

Ohun tí ìlànà wọn bá ní kí ẹ fi ránṣẹ́ ni. Níbi tí wọn kò bá ti sọ, fún ìtàn àròsọ: lẹ́tà ìṣáájú tí kò ju ojú-ìwé kan lọ, ìsọníṣókí tí kò ju ojú-ìwé kan tàbí méjì lọ, àti orí mẹ́ta àkọ́kọ́. Ẹ má fò lọ sí orí kẹsàn-án torí òun ló dùn jù. Bí orí kìíní kò bá lè dá òǹkàwé dúró, ẹ tún un kọ. Àwọn aṣojú Amẹ́ríkà mìíràn ń béèrè ojú-ìwé márùn-ún tàbí mẹ́wàá péré, tí wọ́n fẹ́ kó wà nínú ímeèlì fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá so fáìlì mọ́ ọn, wọn kò ní ṣí i.

Ìtàn àròsọ gbọ́dọ̀ ti parí kí ẹ tó kọ lẹ́tà. Ẹni tí olóòtú bá sọ fún pé "fi ìyókù ránṣẹ́", tó wá dáhùn pé ó ku orí mẹ́jọ, ti pàdánù ànfààní yẹn. Ìwé tí kì í ṣe àròsọ yàtọ̀: ẹ lè fi àbá ìwé lọ, ìyẹn àlàyé kókó ìwé, àwọn tó máa rà á, ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó jọ ọ́ àti ohun tí tiyín fi yàtọ̀, ìdí tó fi jẹ́ ẹ̀yin ló yẹ kó kọ ọ́, àlàyé orí kọ̀ọ̀kan, àti orí kan tàbí méjì tó ti parí.

Ìtòjọ: A4, fọ́ǹtì 12, àyè ìlà méjì, àlàfo tó tó sẹ̀ǹtímítà 2.5 létí kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà lójú-ìwé gbogbo, orúkọ yín àti àkọlé lókè. Kí ẹ má ya èèpo ẹ̀yìn fúnra yín. Ìtàn àròsọ àgbàlagbà ní Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń wà láàárín 70,000 sí 100,000 ọ̀rọ̀. Ìwé àwòrán fún ọmọdé kì í sábà ju 500 ọ̀rọ̀ lọ, atẹ̀wétà ló sì máa wá ayàwòrán.

Báwo ni lẹ́tà ìṣáájú ṣe ń rí?

Láàárín 250 sí 350 ọ̀rọ̀. Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà sí àgbàlagbà, pẹ̀lú ìkíni gígùn, àlàáfíà àti àdúrà, kò bá èyí mu. Ìkíni kan tó. Irú ìbẹ̀rẹ̀ tí olóòtú ti mọ̀ jù nìyí:

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fún mi ní ẹ̀bùn ìwé kíkọ láti kékeré. Ìwé yìí kún fún ẹ̀kọ́, yóò wu tọmọdé tàgbà, yóò sì yí ìgbésí ayé ọ̀pọ̀ ènìyàn padà."

Kò sí ìwé kankan nínú rẹ̀. A kò mọ ẹni tí ìtàn dá lé, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, tàbí ohun tó wà nínú ewu. Ìwé tó bá sì wà fún gbogbo ènìyàn, olóòtú kò mọ ibi tí yóò tò ó sí nílé ìtàwé. Ẹ wo èyí:

"Ẹ̀yin Olóòtú, mo ń fi Ìwé Gbèsè, ìtàn àròsọ 72,000 ọ̀rọ̀ fún àgbàlagbà, ránṣẹ́ sí yín. Iléṣà ni, ní 1958. Fúnmilọ́lá, ọmọ Òṣómàáló kan, rí ìwé gbèsè bàbá rẹ̀ nínú àpótí aṣọ lẹ́yìn ìsìnkú. Orúkọ ogójì oníbàárà ló wà níbẹ̀, bàbá ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ sì ni ó jẹ gbèsè tó pọ̀ jù. Bó bá sin gbèsè náà, ìgbéyàwó dàrú. Bó bá pa á mọ́ra, ilé tí ìyá rẹ̀ ń gbé yóò bọ́ sọ́wọ́ àwọn tí bàbá rẹ̀ gba aṣọ àwìn lọ́wọ́ wọn. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní iléèwé girama kan ní Iléṣà. Ìwé náà ti parí. Ìsọníṣókí àti orí mẹ́ta wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Mo ti fi í ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ méjì mìíràn pẹ̀lú."

Ohun kan ló kù tí lẹ́tà yìí nílò: gbólóhùn kan tó fi hàn pé òǹkọ̀wé ka ìwé kan tí ilé-iṣẹ́ náà tẹ̀, tó sì mọ ìdí tí tirẹ̀ fi bá a tan. Gbólóhùn yẹn kò ṣeé ṣe fún ẹni tí kò kà á, olóòtú sì máa ń mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Tí ẹ bá ń kọ̀wé sí aṣojú ní òkèèrè, orúkọ ẹni náà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ bó ṣe ń kọ ọ́.

Nínú ìsọníṣókí ńkọ́, ṣé kí n pa òpin ìtàn mọ́?

Ẹ má pa á mọ́. Ẹ sọ ẹni tó kú, ẹni tó ṣe é, bí ìjà ṣe parí. Èèpo ẹ̀yìn ìwé ló ń fi nǹkan pamọ́ fún òǹkàwé. Olóòtú fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ mọ bí a ṣe ń kádìí ìtàn.

Mo fẹ́ sọ ìwé ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé mi di ìwé. Ṣé kí n fi í ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Rárá. Ìgbìmọ̀ tó yẹ̀ yín wò lẹ kọ ìyẹn fún. Wọ́n fẹ́ rí i pé ẹ ti ka gbogbo ohun tí ẹlòmíràn kọ. Òǹkàwé ìwé fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹ̀yin rí. Orí tó ṣe àgbéyẹ̀wò iṣẹ́ àwọn tó ṣáájú yóò kúrò odindi, kókó inú rẹ̀ yóò sì wọ inú ìfáárà ní ojú-ìwé díẹ̀. Ìsọ̀rí ọgbọ́n ìwádìí àti ète ìwádìí yóò kúrò. Àkọlé tó gùn ní ìlà mẹ́ta yóò di ìlà kan. Ẹ tún máa ka gbogbo ìparí orí tó ń sọ pé "nínú orí yìí, a ti jíròrò," kí ẹ pa á rẹ́.

Àbá lẹ ó fi ránṣẹ́, kì í ṣe odindi iṣẹ́: àlàyé ìwé ní ojú-ìwé méjì sí mẹ́ta, àlàyé orí kọ̀ọ̀kan, iye ọ̀rọ̀ (80,000 sí 100,000 ló wọ́pọ̀), àwọn tó máa lò ó nínú kíláàsì, àti orí kan. OAU Press wà nítòsí. Ní òkèèrè, James Currey, Ohio University Press àti Indiana University Press ti pẹ́ nínú títẹ ìwé nípa Áfíríkà. Wọn yóò fi iṣẹ́ náà fún ọ̀mọ̀wé méjì láti kà. Ìyẹn lè gba oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ẹ ó sì dáhùn ohun tí wọ́n bá sọ ní kókó kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣọ́ra fún ímeèlì tó bá wá fúnra rẹ̀ pé wọ́n rí ìwé ìwádìí yín, wọ́n sì fẹ́ tẹ̀ ẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ilé-iṣẹ́ tí kò yẹ iṣẹ́ wò kò lè fi kún iyì rẹ̀.

Ìwé mi kún fún ẹsẹ Ifá, oríkì àti fọ́tò àtijọ́. Kí ni olóòtú máa béèrè?

Yóò bi yín ibi tí ẹ ti rí wọn. Fún ẹsẹ Ifá àti oríkì tí ẹ gbà sílẹ̀ lẹ́nu babaláwo tàbí akéwì, ẹ kọ orúkọ ẹni náà bó bá gbà kí a dárúkọ rẹ̀, ìlú àti ọjọ́ tí ẹ gbà á, kí ẹ sì ní ìwé ìyọ̀ǹda tó fọwọ́ sí tàbí ohùn rẹ̀ tó gbà. Òfin ẹ̀tọ́ àdàkọ (copyright) ilẹ̀ wa tún dáàbò bo iṣẹ́ àbáláyé, nítorí náà ẹ má kọ ọ́ bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ ṣẹ̀dá rẹ̀. Bó bá jẹ́ inú ìwé ẹlòmíràn lẹ ti mú un, ìyọ̀ǹda atẹ̀wétà ìwé náà lẹ nílò. Ọ̀rọ̀ orin orí àwo le jù. Ìlà méjì péré lè gba owó. Fọ́tò: ẹni tó yà á ló sábà máa ń ni ẹ̀tọ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó wà nínú rẹ̀. Ẹ ṣe àtẹ gbogbo rẹ̀ sínú tábìlì kan, kí ẹ fi mọ́ àbá ìwé yín. Àwọn olóòtú kì í retí rẹ̀, inú wọn sì máa ń dùn tí wọ́n bá rí i.

Ṣé wọn kò ní jí ìwé mi gbé?

Ìbẹ̀rù yìí ju ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ. Ẹ̀tọ́ àdàkọ jẹ́ tiyín láti ìgbà tí ẹ ti kọ ọ́ sílẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Àdàkọ ti 2022 sì dáàbò bò ó jálẹ̀ ayé yín àti 70 ọdún lẹ́yìn ikú. Ẹ lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Nigerian Copyright Commission kó lè jẹ́ ẹ̀rí, kì í ṣe dandan. Ohun tí òfin kò dáàbò bò ni èrò lásán: ẹlòmíràn náà lè kọ ìtàn Òṣómàáló. Ẹ má ní kí olóòtú fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní sọ ohun tó kà fún ẹnikẹ́ni. Á dá a padà láìkà á.

Ṣé kí n ti gba ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé, sílẹ̀?

Rárá. Atẹ̀wétà ni yóò gbà á lọ́dọ̀ National Library of Nigeria. Òun náà ni òfin 1970 ní kó fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ síbẹ̀ láàárín oṣù kan tí ìwé bá jáde. Ẹni tó bá ń tẹ ìwé fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe méjèèjì fúnra rẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ mélòó ni mo lè fi ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú márùn-ún sí mẹ́jọ, àfi níbi tí wọ́n bá ti ní àwọn nìkan ni kó wà lọ́dọ̀. Bí ìdáhùn márùn-ún bá tako ohun kan náà, ẹ ṣì lè tún un ṣe kí ẹ tó kọ̀wé sí àwọn tó kù. Ímeèlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ. Ẹni tó bá to àdírẹ́sì ogún sórí ímeèlì kan ti sọ fún ogún olóòtú pé òun kò mọ èyíkéyìí nínú wọn.

Aṣojú òkèèrè sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Ní ilẹ̀ wa, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kò ṣàjèjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ ìlà mẹ́ta tó ní àkọlé ìwé àti ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ má pè wọ́n lórí fóònù, ẹ má sì yọ sí wọn ní Jẹ́ríkò láìròtẹ́lẹ̀. Bí ẹnìkan bá gbà á, ẹ sọ fún àwọn yòókù lọ́jọ́ náà gan-an.

Wọ́n ní ìwé mi dáa, ṣùgbọ́n kí n san owó àtúnṣe tàbí owó ìforúkọsílẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí?

Bí owó bá ti ń ti ọwọ́ yín lọ sọ́dọ̀ wọn, ẹ̀yin gan-an ni atẹ̀wétà ìwé náà. Kò burú láti tẹ ìwé fúnra ẹni. Ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn ẹbí àti ìtàn ìlú tí wọ́n ń ṣe ìkówèéjáde fún ní Ifẹ̀ àti Iléṣà, ọ̀nà yẹn ló bá wọn mu jù. Ohun tó burú ni kí ẹ sanwó, kí ẹlòmíràn sì tún ní ẹ̀tọ́ lórí ìwé náà. Bí ẹ bá máa sanwó, ẹ gba owó olóòtú, owó ìtòjọ àti owó ìtẹ̀wé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí ìwé, kí gbogbo ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ yín, kí ISBN wà lórúkọ yín, kí wọ́n sì kó fáìlì ìtòjọ fún yín pátápátá. Aṣojú tó bá gba owó kó tó ka ìwé, ẹ yàgò fún un.

Kí ni mo máa wò nínú ìwé àdéhùn?

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí wọ́n ń ṣírò ìpín yín lé lórí. Ká ní iye ẹ̀yìn ìwé jẹ́ ₦5,000, ilé ìtàwé sì yọ ìdá 40 nínú 100. Ìdá 10 lórí iye ẹ̀yìn ìwé fún yín ní ₦500. Ìdá 10 lórí owó tó dé ọwọ́ atẹ̀wétà fún yín ní ₦300. Ìdá kan náà ni wọ́n pè é, owó tó wá kò dọ́gba.

Lẹ́yìn náà: ẹkùn, èdè, àti ọdún tí àdéhùn máa lò. Ẹ̀tọ́ fíìmù, ìwé àfetígbọ́ àti ìtumọ̀, ẹ mú un dání bí wọn kò bá ní ètò fún un. Ìgbà tí wọ́n máa fi ìṣirò ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún sàn. Ẹ̀dà ọ̀fẹ́ mélòó, àti ẹ̀dínwó tí ẹ ó fi ra sí i fún ìkówèéjáde. Ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ ti tẹ̀ ẹ́, oṣù 18 tó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kí ẹ̀tọ́ padà sọ́dọ̀ yín. Ibi tí ọ̀pọ̀ kò ti kíyè sí ni ìwé tó tán lọ́jà: ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ iye ẹ̀dà kan pàtó sílẹ̀, pé bí iye tó tà kò bá tó bẹ́ẹ̀ lọ́dún kan, ẹ lè gba ìwé yín padà. Láìsí ìyẹn, ẹ̀dà mẹ́ta tó ń gba eruku nínú ilé ìkẹ́rù lè so ìwé mọ́lẹ̀ fún ogún ọdún. Ẹ fi hàn lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ ìwé.

Bí wọ́n bá ní kí n tún un ṣe kí n dá a padà ńkọ́?

Wọn kò tíì kọ̀ ọ́ nìyẹn. Olóòtú kì í kọ ojú-ìwé méjì sí ẹni tí ìwé rẹ̀ kò wù ú. Ẹ kà á lónìí, ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó dáhùn. Ẹ gba èyí tó tọ́. Èyí tí ẹ kò bá gbà, ẹ wá ohun tó ń dà á láàmú níbẹ̀, torí ibi tó tọ́ka sí sábà máa ń ní àìsàn, bí oògùn tó dá lábàá kò tilẹ̀ bá a mu. Ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ máa dá a padà, ọ̀sẹ̀ 8 sí 12 kò pọ̀ jù fún ìtàn àròsọ. Ẹ fi ojú-ìwé kan ṣáájú fáìlì tuntun, tó sọ ohun tí ẹ yí padà ní orí kọ̀ọ̀kan, àti ohun tí ẹ fi sílẹ̀ pẹ̀lú ìdí rẹ̀.